Ẹ Jẹ́ Kí A Jọ Rìn

OJÚ-ÌWÉ ÌDÍLÉ

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1-3, 18-26, Máàkù 6:30-32, Deuterónómì 24:5

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ilé ni a bá yín sọ, àti bí tọkọtaya ṣe lè jọ máa ṣe ìṣirò rẹ̀ láìsí ìjà. Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìsinmi àti ìrìn-àjò tọkọtaya ni Olúwa fi sí wa lọ́kàn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ìrìn-àjò afẹ́ kẹ̀? Ṣé èyí náà wà lára ìwàásù?" Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá wa ká lọ. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

ÌLÉRÍ TÓ PẸ́ NÍLẸ̀

Ó ti lé ní ọdún 28 tí àwa àti aya wa ti wà pọ̀. Ẹ kò lè ka iye ìgbà tí a ti jọ wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin, Èkó àti Àbújá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó ka gbogbo ìrìn náà, ìsìnkú ni, ìgbéyàwó ọmọ ìjọ ni, àpéjọ ńlá ni, tàbí ìpàdé àwọn òjíṣẹ́. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí a tìtorí pé a kàn fẹ́ wà pọ̀ rìn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlérí kan wà nílẹ̀. Ìyá tó bí aya wa ṣòwò ní ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Gáná. Ẹ̀yin àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho mọ ìtàn yìí dáadáa, nítorí pé kò sí agbo ilé ńlá kan tí kò ní ẹni tó tajà ní Gáná rí. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kò sì gbé ọjà nìkan lọ. Wọ́n gbé ìgbàgbọ́ wọn dání, débi pé láti ọwọ́ àwọn Yorùbá oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní Gáná ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ní ìsọ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ lówó fi gbèsè sílẹ̀. Ìyá wa wà lára àwọn tó padà wálé pẹ̀lú ẹrù orí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wá bí aya wa sí, ṣùgbọ́n orí ìtàn Accra ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà.

Kí ìyá náà tó sùn nínú Olúwa, a ṣèlérí fún un pé a óò mú ọmọ rẹ̀ dé Accra, kí ó lè wá sọ fún un bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọdún gun orí ọdún. Bí aya wa bá béèrè, a óò ní, "Ó di ẹ̀yìn àpéjọ ọdún yìí." Bí àpéjọ bá parí, a óò ní, "Jẹ́ kí a kọ́kọ́ kan òrùlé ilé ìsìn." A kan òrùlé, a rọ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, a ra àga. Ìyá wa sì kú láìgbọ́ ìròyìn kankan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aya wa kò bínú, kò sì sọkún mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan fún yín: bí obìnrin tó máa ń béèrè nǹkan bá ṣíwọ́ bíbéèrè, kò túmọ̀ sí pé ó ti ní ìtẹ́lọ́rùn.

BÍ A ṢE MÚRA

Nígbà tí Ẹ̀mí Ọlọ́run bá wa wí, a ra kóló kan, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi ń ju owó sí i, nígbà mìíràn díẹ̀, nígbà mìíràn púpọ̀ díẹ̀. A kò mú kọ́bọ̀ nínú owó ìjọ. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìdámẹ́wàá ni òjíṣẹ́ fi ń wo òkun.

Fún ìdílé tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí, ẹ má bẹ̀rù. Láti Èkó dé Accra kò tó kìlómítà 500, ààlà mẹ́ta péré ló sì wà níbẹ̀: Sẹ̀mẹ̀ láti bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, Hilla-Condji láti bọ́ sí Tógò, àti Aflao láti bọ́ sí Gáná. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ohun tí ẹ nílò ni páásípọ́ọ̀tù tó ṣì dára, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́, ẹ má ra káàdì lásán. Onígbàgbọ́ tó ra káàdì èké ti purọ́ kí ó tó kúrò nílé. Séfà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì sì ni ti Gáná.

ÀGBÁDÁRÌGÌ ÀTI ÀJÀṢẸ́

Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, a wọkọ̀. Àgbádárìgì ni a kọ́kọ́ dúró sí. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí àwọn òjíṣẹ́ CMS kọ́ parí ní ọdún 1845. A dé ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere ní ọdún 1842. Igi náà ti wó ní ọdún 1959, òkúta ìrántí ló dúró níbẹ̀ báyìí.

A rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ìhà Ọ̀yọ́ wa níbí. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní ọdún 1829 ó gbé Asano níyàwó, obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, wọ́n sì jọ sin Olúwa. Ní ọdún 1846, ó tún padà rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Aya wa gbọ́ èyí, ó ní, "Ó ṣe é, ó rí ìyá rẹ̀." A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n a ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́.

Láti ibẹ̀ a sọdá sí Porto-Novo, tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ìyàlẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ Yorùbá wa. A rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ni wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní ìlú Salvador ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí etí òkun wa, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti fùrẹ́jọ̀ǹ wá.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ Bùràsíìlì yìí kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ. Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú wa ní ọdún 1855, gbọ́ Yorùbá débi pé ó kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè wa, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1858. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kí ó padà wá, ó gba Gúúsù Amẹ́ríkà lọ, ó dé Rio de Janeiro ní ọdún 1860, nítorí ó gbọ́ pé àwọn ẹrú tó ń sọ Yorùbá wà níbẹ̀. Lurana aya rẹ̀, tó ti bá a jìyà ní ilẹ̀ wa, ló tún bá a lọ. Àìsàn dá wọn padà ní ọdún 1861. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ Bowen, ẹ rántí pé obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà.

GANVIÉ ÀTI OUIDAH

Ní Abomey-Calavi, a wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó láàárín ọ̀sà Nokoué. Ìtàn wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn sá sórí omi nítorí àwọn ajẹ́rúkó Dàhọ̀mì. Lórí omi ni ọjà wọn wà, àwọn ìyá sì ń fi ọkọ̀ tajà bí àwọn tiwa ṣe ń gbé igbá kiri ní Tákìè.

Ní Ouidah, a fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà, nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin láti inú ìlú dé etí òkun. Ní ìparí ọ̀nà náà ni Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995. Wọ́n fi ilé òrìṣà ère hàn wá, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá kan. A kò wọ ilé òrìṣà náà. Bí onígbàgbọ́ bá ń rìn kiri, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni tirẹ̀.

Títí dé ibí, inú wa dùn. A ń kọ gbogbo ohun tí a rí sínú ìwé kékeré, a sì ti ń ronú nípa ìwàásù tí a óò fi í ṣe. A kò tíì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ wa ṣì wà níwájú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÀÀLÀ

Lomé, olú-ìlú Tógò, dé etí ààlà Gáná gan-an. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ìlú náà bọ́ sí Aflao. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìṣe wa, a mú báàgì ìwé wa lọ́wọ́, a sì ń yára lọ níwájú. Aya wa ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ńlá méjì àti àpò oúnjẹ. A kọjá, wọ́n lu páásípọ́ọ̀tù wa lóǹtẹ̀, a dúró lábẹ́ ibòji. Ìgbà tí a wẹ̀yìn, a kò rí i.

Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí a tó rí i. Okùn ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà ti já, ó jókòó tì í láàárín àwọn tí ó ń sọ èdè tí kò gbọ́. Dípò kí a kí i pé ó kú ewu, ìbínú ni a fi kò ó lójú: kí ló dé tí kò rìn kíákíá?

Ó wò wá, ó ní, "Bàbá Ìbejì, láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ẹ̀yìn yín ni mo máa ń rí. Bí a bá ń lọ sí ìsìn, ẹ ti lọ. Bí a bá dé òde, ẹ ti wọlé. Mo rò pé tí a bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín ní Pásítọ̀, ẹ ó dúró dè mí."

A kò ní èsì. A wọkọ̀ dé Accra láìsọ̀rọ̀ ju "Ṣé ẹ ó jẹun?" lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó fẹ́ lọ sí àdúgbò tí ìyá rẹ̀ gbé. Àwa ní kí a kọ́kọ́ rí ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah, nítorí òun ni a kọ sínú ètò wa. A lọ síbẹ̀. A rí ère náà, a rí omi tó ń tú sókè, ṣùgbọ́n àwa méjì tí a dúró síbẹ̀ dà bí àjèjì sí ara wa. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa rìn jìnnà, ara wa ni a rí.

ṢỌ́Ọ̀ṢÌ LÓRÍ ÀJÀ ILẸ̀

Ọjọ́ kẹta ni a dé Cape Coast. Ilé olódi tó wà níbẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1664. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé, títí di ọdún 1807 tí òfin ilẹ̀ wọn fòpin sí òwò náà. Wọ́n mú wa sọ̀kalẹ̀ sínú àjà ilẹ̀ àwọn ọkùnrin. Òkùnkùn ni, ooru ni, ihò kékeré lókè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a jáde, ẹni tó ń mú wa kiri nawọ́ sókè. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn nígbà náà ló wà lórí àjà ilẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹsẹ̀ wa kò gbé mọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Lókè, wọ́n ń kọrin ìyìn. Lókè, wọ́n ń ka ìwé mímọ́, wọ́n ń ṣe àmín. Nísàlẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ènìyàn ń kérora. Ìsìn kò sì dúró nítorí ìkérora náà. Ìkérora náà kò sì dín nítorí ìsìn. Ní àgbàlá ibẹ̀ ni sàréè Philip Quaque wà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè àlùfáà. Àádọ́ta ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti 1766 títí ó fi kú ní 1816. Ọmọ ìlú náà ni. Àwọn tí wọ́n há mọ́ ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ sí i ní àwọ̀.

A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí pé ohùn Ẹ̀mí Mímọ́ ń béèrè lọ́wọ́ àwa fúnra wa: "Ilé tìrẹ ńkọ́?" A rántí gbogbo ìwàásù tí a ti ṣe lórí ìfẹ́. A rántí àwọn tọkọtaya tí a ti là níjà ní ọ́fíìsì wa, nígbà tí aya wa ń gbé oúnjẹ wọn wọlé tí ó sì ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹpẹ wa wà lókè, ó ń tàn. Ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé wa dọ́gba pẹ̀lú oko ẹrú, ká má rí i. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn máa sin Ọlọ́run lókè tọkàntọkàn, kí ó má sì gbọ́ ohun tó ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

A jókòó lórí ògiri níbi tí àwọn ìbọn àgbá ńlá ti dojú kọ òkun. A kò lo èdè ìwàásù. A wí fún un pé a jẹ̀bi. A jẹ̀bi lórí báàgì, a jẹ̀bi lórí rírìn níwájú, ju gbogbo rẹ̀ lọ, a jẹ̀bi lórí ìyá rẹ̀. A ní kí ó dárí jì wá. Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Omijé kọ́kọ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Accra kí a lọ wo ìsọ̀ màmá mi."

LAGOS TOWN

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ láyé àtijọ́, nítorí àwọn ènìyàn wa. Àwa la gbé báàgì lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ aya wa ni a sì ń rìn. A kò rí ìsọ̀ náà. Ó ti ju ààbọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ilé ti yí padà, ojú ọ̀nà ti yí padà. Aya wa dúró ní oríta kan, ó wò ó títí, ó ní, "Màmá mi, mo dé ibẹ̀ o." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ pé ata wọn máa ń ta ènìyàn. Láti ibẹ̀ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu wa.

Ohun kan dùn wá, a kò ní fi pamọ́ fún yín: ìyá náà ni a ṣèlérí fún, òun kò sì gbọ́ ìròyìn. Ọlọ́run dárí jì wá, aya wa dárí jì wá, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dá ọjọ́ tó ti kọjá padà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ èyí sí yín: kí ẹ̀yin tí ẹni yín ṣì wà láàyè má ṣe sùn lé ìlérí.

OHUN TÍ BÍBÉLÌ SỌ

Ọ̀rọ̀ ìsinmi kì í ṣe ti ayé nìkan. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti iṣẹ́ dé, tí èrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè jẹun, Olúwa fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n sí apá kan láti sinmi. Òfin Mósè pàṣẹ pé kí ọkọ ìyàwó tuntun má lọ sí ogun fún ọdún kan, kí ó lè mú inú aya rẹ̀ dùn. Bí ogun Ísírẹ́lì bá lè dúró nítorí ìyàwó, àpéjọ wa náà lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún wo Àkúílà àti Pìrìsílà. Wọ́n lé wọn kúrò ní Róòmù bí wọ́n ṣe lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gáná, wọ́n dé Kọ́ríńtì, wọ́n bá Pọ́ọ̀lù lọ sí Éfésù, síbẹ̀ níbikíbi tí orúkọ ọ̀kan bá wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, ti èkejì wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò fi ara wọn sílẹ̀ ní ààlà.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Ẹ jọ jókòó ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹnì kìíní béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì: "Ìlérí wo ni mo ṣe fún ọ tí n kò mú ṣẹ?" Ẹ gbọ́ èsì náà láìwí àwíjàre.

2. Ẹ ra kóló. Bí owó kò bá tó ti Accra, Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta kò jìnnà. Bí ti Abẹ́òkúta kò bá sí, ẹ jọ rìn dé òpin àdúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́.

3. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ dúró de ìyàwó yín. Ẹ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ọmọ ìjọ, kò ní dín òróró orí yín kù.

4. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, bí pásítọ̀ yín àti aya rẹ̀ bá gba ìsinmi, ẹ má sọ pé wọ́n ń jayé. Ẹ gbàdúrà fún wọn.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ṣí etí wa kí a gbọ́ ẹni tó ń kérora nísàlẹ̀ nígbà tí a ń kọrin lókè. Dárí àwọn ìlérí tí a fi falẹ̀ jì wá. Fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti jọ rìn, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa má ṣe di ẹni ẹ̀yìn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bí Olúwa bá fa bíbọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, a ó tún pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, nígbà tí a ó sọ̀rọ̀ lórí àna àti ìtọ́jú òbí tó ti dàgbà. Àlàáfíà fún ilé yín.